Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ẹlẹ́wọ̀n Kàwé Gboyè Lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbikíbi tí a bá ti bi í, ì báà jẹ́ nínú kíláàsì, ì báà jẹ́ lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń tajà ní Dùgbẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀ Micra tó ń lọ sí Challenge. Ìbéèrè náà ni pé: ẹni tó ṣẹ̀, tí adájọ́ rán lọ sẹ́wọ̀n, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a tún fún un ní ẹ̀kọ́ yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, nígbà tí ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni jókòó sílé nítorí owó ilé-ìwé? Ìdáhùn tèmi ni pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dáhùn bí ẹni pé àwọn tó ní kò tọ́ kò ní làákàyè. Wọ́n ní in dáadáa. Mo mọ̀ wọ́n, ilé kan náà sì ni èmi àti díẹ̀ nínú wọn ń gbé.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní Nàìjíríà, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lè ṣe ìdánwò WAEC tàbí NECO láti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá yege, ó lè tẹ̀ síwájú ní National Open University of Nigeria, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN. Yunifásítì yìí kì í kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú ọgbà kan bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ni ìwé ti ń bá a, òun ni yóò máa kà á fúnra rẹ̀, tí yóò sì ṣe ìdánwò nígbà tí àkókò bá tó. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún NOUN láti dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n bíi Kírìkírì ní Èkó, ti Ẹnúgù àti ti Kùjẹ ní Àbújá. Yunifásítì náà sì yọ owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn gan-an nìyẹn.

Ìtàn yunifásítì yìí fúnra rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa. Ọdún 1983 ni ìjọba Alhaji Shehu Shagari dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 1984, ìjọba ológun tì í pa. Ó di 2001 kí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí wọ́n jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, tó jí i dìde. Ẹ rántí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti jáde ní 1998, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha fi tì wọ́n mọ́lé. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí àlééfà, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní NOUN kan náà, wọ́n sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní 2018, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó ti rí inú ẹ̀wọ̀n rí ló jí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń wọ inú ẹ̀wọ̀n dìde. Èyí kò fi hàn pé èyí tọ́ tàbí kò tọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó lòdì sí i, kí n sì sọ ọ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe máa sọ ọ́.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ aláìní tí kò ṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yege WAEC, wọ́n yege JAMB, yunifásítì sì gbà wọ́n wọlé. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ń ta ṣájà àti okùn fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí owó tí wọ́n ní kí a san kò sí nílé. Lóòótọ́, ìjọba ti ṣe òfin owó yíyá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024, ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Ẹni tó bá yá a ni yóò san án. Ẹlẹ́wọ̀n kò san, kò sì jẹ gbèsè. Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ yìí láti ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó sí, yóò bèèrè pé ṣé dandan ni kí èèyàn jalè kí ó tó rí ẹni rán an níléèwé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìyá mi ń ta aṣọ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan já ìsọ̀ wọn lóru, wọ́n sì kó aṣọ tí wọ́n fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà. Ọwọ́ tẹ ọ̀kan nínú wọn, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n. Títí di òní, kọ́bọ̀ kan kò wọ ọwọ́ ìyá mi, ẹgbẹ́ sì gba owó wọn pé. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kọ àròkọ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹlẹ́wọ̀n, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ó dáa. Ta ló wá máa san aṣọ tèmi?"

Ẹ̀kẹta ni òwe àwọn àgbà: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan rí, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ìyẹn ni pé, bí a tilẹ̀ fi aṣọ oyè bo irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, olè náà ni.

Ẹ̀kẹrin ni pé ìwé kì í sọ èèyàn di ọmọlúàbí. Àwọn tó ń fi gègé kó owó ìlú lọ, ẹ wo iye ìwé-ẹ̀rí tó wà lára ògiri wọn. Àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà lu àwọn ẹlòmíràn ní jìbìtì, ọ̀pọ̀ wọn ló wà ní yunifásítì. Bí a bá wá kọ́ olè ní ìwé, ṣé kì í ṣe ọ̀bẹ rẹ̀ là ń pọ́n fún un?

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé ta gan-an là ń pè ní ẹlẹ́wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri Agodi ni adájọ́ ti dá lẹ́bi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn méjì nínú mẹ́ta tó wà lẹ́wọ̀n ló ṣì ń retí ìdájọ́. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn tó lé ní 800 ni wọ́n tú sílẹ̀, àwọn tó ń retí ìdájọ́ sì ni wọ́n. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ kedere pé aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí adájọ́ sì sọ lópin gbogbo rẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Ọdún tó ti lọ kò ní padà. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ló ń kà ní gbogbo àkókò náà, ó kéré tán, kì í ṣe òfo ló gbé jáde. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé kí ẹlẹ́wọ̀n má kàwé, kí a rántí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń sọ ọ̀rọ̀ náà sí kò tíì jẹ̀bi lójú òfin.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti àwọn tó jẹ̀bi lóòótọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ni ìyà tí adájọ́ dá fún wọn? Nínú èdè wa, ohun kan náà là ń pè ní ẹ̀wọ̀n: irin tí a fi ń de èèyàn, àti ilé tí a ń ti èèyàn mọ́. Irin yẹn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dè, wọn kì í fi de orí. Adájọ́ tó bá rán èèyàn lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún gba òmìnira ọdún márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀: kò lè lọ síbi tó wù ú, kò lè sùn nílé, kò lè rí ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Ìyà nìyẹn, kì í sì í ṣe kékeré. N kò tíì gbọ́ pé adájọ́ kan dá ẹjọ́ pé kí ẹnì kan lọ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, kí ó sì gọ̀ ju bí ó ṣe wọlé lọ. Bí a bá ní kí ẹlẹ́wọ̀n má kàwé, àwa ni a ń fi ìyà kejì kún èyí tí adájọ́ dá.

Nǹkan kejì ni pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ń bọ̀ wá sílé. Ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́. Ní ọjọ́ tó bá pé, wọ́dà yóò ṣí ìlẹ̀kùn, ẹni náà yóò sì wọ ọkọ̀. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ó lè jókòó ti ìyá mi nínú Micra kan náà. Kì í ṣe bóyá yóò padà ni ìbéèrè wa, bí kò ṣe irú ẹni tí yóò jẹ́ nígbà tó bá padà. Bí ó bá wọlé láìmọ iṣẹ́, tí ó jókòó ti àwọn ọ̀gá olè fún ọdún márùn-ún, tí ó jáde láìmọ iṣẹ́, a mọ ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀. Yàrá ẹ̀wọ̀n kì í ṣófo láìní ẹ̀kọ́. Bí a kò bá rán olùkọ́ lọ, àwọn olùkọ́ mìíràn ti wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí tí àwọn ènìyàn ti ṣe fún ọgbọ̀n ọdún jọ, wọ́n sì gbé wọn yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kẹ́kọ̀ọ́, ìṣeéṣe pé wọn yóò padà sẹ́wọ̀n fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún ṣírò rẹ̀ pé dọ́là kan tí ìjọba bá ná lórí ẹ̀kọ́ náà ń gba dọ́là mẹ́rin sí márùn-ún là, tí ìjọba ìbá fi bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá padà sẹ́wọ̀n láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tó ti fẹ́ yí padà tẹ́lẹ̀ ló máa ń lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yí padà náà nílò ọ̀nà tí yóò gbà yí padà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń wá omi. Ìyẹn kò sọ pé kí a má gbẹ́ kànga.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí òun ló le jù fún mi láti dáhùn.

Amẹ́ríkà ti gbìyànjú ohun tí àwọn tó ń bínú fẹ́. Ìjọba wọn ní owó ìrànwọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláìní tí wọ́n ń pè ní Pell Grant, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ń rí i gbà. Ní 1994, àwọn aṣòfin bínú, wọ́n ní kò yẹ kí olè máa gba owó tí ọmọ tálákà ń wá. Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin náà, wọ́n sì yọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò pátápátá. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ yunifásítì tó wà nínú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n tì pa. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbà tẹ́lẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó náà. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n kò tó láti gbé ọmọ tálákà dé ibì kankan. Nígbà tó di 2020, wọ́n ṣe òfin mìíràn láti dá a padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2023. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti ṣí kúrò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹlẹ́wọ̀n àti ọmọ aláìní kò jọ ń jẹun nínú àwo kan. Bí a bá ti ìwé mọ́ ọkùnrin tó wà ní Kírìkírì lónìí, owó ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n mi kò ní dín ní náírà kan lọ́la. Ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n kọ́ ni ohun tí wọ́n pàdánù wà. Ìyàtọ̀ kan sì tún wà. Ẹ̀gbọ́n mi lè ta ṣájà, kí wọ́n máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí lọ́dún kejì. Ó ṣòro, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì wà. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò lè jáde lọ ṣiṣẹ́ kó lówó ilé-ìwé. Bí a bá ní kó san, ohun kan náà ni pẹ̀lú pé kí a ní kó má kàwé.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ló dé tí ẹlẹ́wọ̀n ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kò rí i kà, èmi yóò yí ìbéèrè náà padà. Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi kò rí i kà? Ibẹ̀ ni ìtìjú wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Wọn kò bèèrè pé ọmọ ta ni, tàbí kí ni bàbá rẹ̀ ṣe. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ka ẹ̀kọ́ sí, wọn kò kà á sí ẹ̀bùn fún ẹni tó hùwà dáadáa. Ẹ̀tọ́ kan náà ni mo fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ẹ̀tọ́ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀gbọ́n mi, kí n sọ ọ́ di èrè ìwà rere nígbà tó bá kan ẹlòmíràn.

Kí la máa sọ fún ìyá mi? Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò san aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó wà lẹ́wọ̀n láìkàwé náà kò san án. Bí ó bá jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ ju bó ṣe wọlé lọ, kò ní í fi ìyẹn san ìgbọ̀nwọ́ aṣọ kan. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè san gbèsè. Òfin tuntun tí ìjọba ṣe ní 2019, èyí tó yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iléeṣẹ́ ìtúnniṣe, fi àyè sílẹ̀ fún ìlàjà láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan. Tí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣe òfin, n óò fi kún un pé ẹni tó bá kàwé gboyè lẹ́wọ̀n, tó sì jáde tó rí iṣẹ́, kí ó máa yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀, títí gbèsè yóò fi tán. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó tètè kàwé náà kíákíá.

Ní ti òwe aṣọ olè, mo gbà pé òwe gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí wọ́n pa á fún. Ìkìlọ̀ ni fún ọmọ tí kò tíì jalè: má dán an wò o, orúkọ yẹn kì í tètè kúrò lára. N kò gbà pé wọ́n pa á láti pàṣẹ fún ìlú pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí olè bọ́ aṣọ náà láéláé. Bí gbogbo ìlú bá ti pinnu pé aṣọ kan ṣoṣo ni yóò máa wọ̀, kí ni a fẹ́ kó wọ̀ jáde lọ́jọ́ tó bá dé? Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni ẹ̀wọ̀n. Bí a kò bá ní ọwọ́ ọ̀tún kankan, a kò bá ọmọ wí mọ́ nìyẹn, a kàn lù ú ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkẹrin, pé ìwé kì í sọ èèyàn di ọmọlúàbí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà dópin, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ inú ẹ̀wọ̀n nìkan la máa tì. A máa ti Yunifásítì Ìbàdàn náà, nítorí kò sí yunifásítì tó lè búra pé olè kò ní jáde láti inú òun. A kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ̀ pé bí ìwé kò tilẹ̀ fún èèyàn ní ìwà, ó lè fún un ní àyè láti ronú lórí ìwà rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní ìpínlẹ̀ New York, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó ń jẹ́ Bard bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní 2001. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, tí wọ́n ń ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn ńlá, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard jiyàn, wọ́n sì borí. Wọn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì láti fi wá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìhà tí wọ́n ní kí wọ́n gbè kì í ṣe ìhà tí àwọn fúnra wọn gbà gbọ́. Wọ́n ní láti jókòó, kí wọ́n ronú bí ẹni tí kò rí ayé bíi tiwọn, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń jalè kì í ronú bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Bí ẹ̀kọ́ bá lè kọ́ èèyàn láti wo nǹkan láti ojú ẹlòmíràn fún wákàtí kan péré, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó bá ń kọ irú àròkọ yìí yóò ti dárúkọ Nelson Mandela. Lóòótọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ òfin wọn pẹ̀lú Yunifásítì ti South Africa ní 1989, ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Awólọ́wọ̀ tí mo dárúkọ náà kọ ìwé lórí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà nínú ẹ̀wọ̀n Calabar. Nígbà tí wọ́n ṣí Cocoa House, ilé gíga tí gbogbo wa ń wò ní Dùgbẹ̀, ní 1965, ẹ̀wọ̀n ni Awólọ́wọ̀ wà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbára lé wọn jù. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló gbé wọn débẹ̀, ó sì rọrùn láti fẹ́ràn irú ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé orí lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Ìdánwò gidi ni ti ẹni tó jalè lóòótọ́, tí kò sí ẹni tó ń kọrin fún un. Bí ẹ̀tọ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́ mọ́, ojúsàájú ni.

Kí wá ni ó yẹ kí a ṣe? Àkọ́kọ́, kí ilé-ẹjọ́ tètè dá ẹjọ́ àwọn tó ń retí ìdájọ́. Ẹ̀kọ́ kò lè rọ́pò ìdájọ́ òdodo. Èkejì, kí a má bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ kò lè wọ NOUN, nítorí náà kí ẹ̀kọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà àti ti girama wà ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí àwọn tó ti gboyè níbẹ̀ sì máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè. Ìwé-ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà á síṣẹ́ nítorí rẹ̀, bébà lásán ni. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ìwé tí àwọn ọmọ yín ti kà tán, tó wà lábẹ́ ibùsùn tí eku ń jẹ, ẹ̀wọ̀n kan wà nítòsí yín tí wọn yóò ti kà á. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ kíláàsì yín tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí adájọ́ tó rán òun lẹ́wọ̀n.

Ó tọ́ kí ẹlẹ́wọ̀n kàwé gboyè, ó sì tọ́ kó jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí òmìnira ni ìlú gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àárín wa ló ń bọ̀, àti nítorí pé kíkọ̀ fún un kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kò tọ́ kí ẹni tó wà níta má rí i kà, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò sọ pé ọmọ ta ni. Wọn kò sì sọ pé ibo ni ọmọ náà wà.